Àṣìṣe tí A Fi Pamọ́ De Ọjọ́ Owó

Nínú oko kòkó ní Ìdànrè, ọ̀pọ̀ alágbàṣe ọlọ́dún ni í dúró títí a ó fi ta kòkó kí ó tó gba owó rẹ̀. Ọ̀gá mìíràn ń bẹ tí kì í wí nǹkan nígbà tí a ń roko. Ọjọ́ owó ni ó tó ń ka àṣìṣe. Àwa bi í léèrè: iṣẹ́ ni ó ń yẹ̀ wò, tàbí gbèsè ni ó ń bù kù? A kò gbè fún ọ̀lẹ. Kí a bá a wí lójú ẹsẹ̀, kí ó lè ṣe àtúnṣe. Òfin ọdún 2019 lórí owó òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ kò de ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25. Ẹ̀rí-ọkàn ṣì wà. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn; kí ẹni tí ó wà ní ibòòji má ṣe jẹ òógùn rẹ̀ gbé.