Ta Ló Yẹ Kó Mú Ẹ̀rí Wá?

Nínú ìwé tí R. A. Fisher tẹ̀ jáde ní 1935, obìnrin kan ní tí òun bá ti tọ́ tíì wò, òun á mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife. Ife 8 ni: mílíìkì ṣáájú nínú 4, tíì ṣáájú nínú 4. Àbá null: ó kàn ń méfò ni. Àbá alternative: ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹni tó ń méfò á gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú 70.

Kí ló dé tí “ó ń méfò” fi ṣáájú? Torí pé òun ló ṣeé ṣírò. Mo gbà. Àmọ́ tó bá ṣi ife méjì ńkọ́? Ẹ̀rí ni ò tó o. A ò tíì ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Torí irú ẹ̀rí tí ò tó bẹ́ẹ̀, mo ti pe ọ̀rẹ́ mi kan ní òpùrọ́ rí. Kò tíì gbé ìpè mi látìgbà yẹn.