Ẹ̀mí, Aya Ọ̀rúnmìlà

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ṣómólú tàbí Bàrígà bá bèèrè lónìí bóyá ó tọ́ kí ọmọ tí a bí sílé Ifá jókòó máa ṣọ́ èémí rẹ̀ bí àwọn ọmọlẹ́yìn Buddha ti ń ṣe, ìdí ọpọ́n ló yẹ kí a kọ́kọ́ padà sí. Nínú Èjì Ogbè, olórí Odù gbogbo, Ifá sọ bí Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, akéréfinúṣọgbọ́n, ṣe fẹ́ fi Ẹ̀mí, ọmọ bíbí inú Olódùmarè, ṣe aya; wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u, ó sì wá yé e pé owó, ọmọ àti ilé kò níbi tí wọn yóò jókòó sí bí Ẹ̀mí bá kọ ọkùnrin sílẹ̀. Àìkú ni baálẹ̀ ọrọ̀. Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù níbẹ̀ ni pé aya ni Ifá fi Ẹ̀mí ṣe. Aya là ń kẹ́, òun là ń gẹ̀, a kì í fi pàṣán lé e kiri ilé.

Ìdí nìyí tí Ānāpānasati, ẹ̀kọ́ tí Buddha fi lélẹ̀ ní Íńdíà ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, kò fi ṣàjèjì létí mi: ẹni tó jókòó mọ̀ pé èémí tó wọlé gùn, èyí tó jáde kúrú, kò fà á, kò sì tì í. Tummo àwọn ará Tibet yàtọ̀. Wọ́n ń sé èémí mọ́nú kí ooru lè dìde nínú ara, wọn kì í sì í fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láìsí olùkọ́. Ẹni tó ń dá irú rẹ̀ kọ́ lórí fóònù, kó rántí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ọ̀nà pínyà níbì kan, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀: ẹ̀kọ́ Buddha kò tọ́ka sí Ẹlẹ́dàá kan tó mí èémí sí wa nínú, ṣùgbọ́n Ifá mọ ẹni tó bí Ẹ̀mí. Kí ọmọ Ifá ṣọ́ èémí rẹ̀, kó sì mọ ọmọ ẹni tó ń kí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣọ́ èémí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú. Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́, tí òórùn yíǹkì ń gún imú ẹni tó ń gé pépà, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń bú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, májèlé kan ń bẹ nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ náà tí kò lóòórùn, tó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn; ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé kí ẹ tó jókòó ṣọ́ èémí yín.