Ibi Tí Rifampicin Ń Jókòó Sí

Ìtọ̀ tó pọ́n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá rifampicin, oògùn ikọ́ ife, mọ̀. Ẹni tí ikọ́ ife bá mú ní Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn, tí wọ́n fún lóògùn oṣù 6, á kọ́kọ́ ta gìrì. Ní tèmi, ibi tí oògùn náà ń jókòó sí nínú kòkòrò tó ń fa ikọ́ náà ni mò ń rò.

Láti Mápó dé Bẹẹrẹ, ilé fara ti ilé, yàrá tí atẹ́gùn ò ti ráàyè pọ̀. Irú ibẹ̀ sì ni ikọ́ ife fẹ́. Ṣùgbọ́n kí kòkòrò tó lè pọ̀ sí i, ó gbọ́dọ̀ da ohun tó wà nínú DNA rẹ̀ kọ sí RNA. RNA polymerase ló ń ṣe àdàkọ náà. Lọ́dún 1999, Seth Darst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn pé ti bakitéríà rí bí ọwọ́ akàn tó là sílẹ̀. DNA á gba àárín rẹ̀ wọlé. Nísàlẹ̀, níbi tí magnesium wà, ló ti ń so ẹyọ RNA mọ́ ara wọn. RNA tuntun á sì gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ jáde.

Ojú ọ̀nà yẹn ni rifampicin dí. Kò fọwọ́ kan ibi iṣẹ́ gan-an. Bí RNA bá ti gùn tó ẹyọ 2 tàbí 3, ó kọlù ú, iṣẹ́ dúró. RNA polymerase ti ènìyàn yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dí tiwa.

Ibẹ̀ náà ni ìṣòro wà. Ká ní ibi iṣẹ́ gan-an ni oògùn dì mú ni, kòkòrò tó bá yí ibẹ̀ padà ì bá ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri ọ̀nà lásán ni. Bí amino acid kan péré bá yí padà níbẹ̀, oògùn ò ríbi jókòó mọ́, RNA á sì máa kọjá. Ìyípadà yẹn ni ẹ̀rọ GeneXpert ń wá nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àṣìkọ DNA ló ń bí i, kì í ṣe oògùn. Àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn lónìí, tó ń fò ó lọ́la, kòkòrò tí apá oògùn ká ló ń pa, èyí tí apá rẹ̀ ò ká ló ń fi sílẹ̀ kó máa bí sí i.

Mo wá ro obìnrin tó ti padà sídìí ọjà rẹ̀ ní Ọjà'ba lóṣù kejì ìtọ́jú, tí ikọ́ ti lọ, tí oúnjẹ ń wọlé. Ara yíyá ni ẹ̀rí tirẹ̀; tèmi, ohun tí ojú ò rí ni. Bó bá jẹ́ èmi ni, èwo ni ǹ bá gbà gbọ́?