Gbèsè Àwọn Ẹni Ńlá

Nígbà tí báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò dúdú lówó, Dókítà Akinọla Maja, T. A. Doherty àti Hamzat Subair dá National Bank sílẹ̀ l'Ékòó ní 1933. Ní 1945, Mathew Adekọya Okupe dá Agbọ́nmágbẹ Bank tirẹ̀ sílẹ̀. Báńkì aláwọ̀ dúdú tó kógbá sílé lásìkò náà pọ̀. Àwọn méjì yìí dúró.

Lẹ́yìn náà ni òṣèlú ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ owó àti báńkì. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker tú àṣírí bí owó kòkó tó wà lọ́wọ́ Marketing Board Ìwọ̀-Oòrùn ṣe gba ẹ̀bùrú dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Àwọn kan ní ọ̀tá ló fi ìgbìmọ̀ náà gbẹ̀san. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi àgbẹ̀ tó ń sá kòkó l'Óǹdó léèrè kí wọ́n tó ná owó náà.

Ní 1969, Marketing Board kan náà ra Agbọ́nmágbẹ, ó sọ ọ́ di Wema. Nígbà tí Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, wá ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 di 25 ní ìparí 2005. National Bank wọnú Wema, orúkọ rẹ̀ sì pa rẹ́.

Òfin Soludo ni ọ̀pọ̀ ń bú. Èmi ò bú u. Ohun tó ń jẹ báńkì wa run ti pẹ́ níbẹ̀: ẹni ńlá yáwó, kò san, iwájú ló sì tún ń jókòó sí lóde ìnáwó.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé ijọ́un. Ìjẹ̀ṣà tó bá ta aṣọ àwìn fún ọ, tí ọjọ́ bá pé, á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ ní kùtùkùtù. O gbé àpótí fún un, kò ní jókòó. O bu oúnjẹ, kò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn ará àdúgbò á máa kọjá, òun ni wọ́n á máa kí, ìwọ lojú á máa tì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, owó á ti yọjú.

Ní 2009, Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, gbé orúkọ àwọn onígbèsè sínú ìwé ìròyìn. Àwọn kan ní irọ́ ni. Ta ló kó kúrò ládùúgbò nítorí ìtìjú? Lọ́dún kejì, ìjọba dá AMCON sílẹ̀ kó máa ra irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ báńkì. Ṣùgbọ́n ìyá aláta tó yá 50,000 náírà, ọ̀sẹ̀ kan péré ni kò san, àwọn tó yá a lówó ti dé ìsọ̀ rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ ayáwó ni yóò sì dá a san.