Iléyá Ń Bọ̀: Ṣé Dandan Ni Kí Mùsùlùmí Kọ́lé Sí Ìlú Rẹ̀?

 

 Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéú máa ń tètè mọ̀ pé Iléyá ti sún mọ́lé. Bí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọkàn àwọn ọmọ kì í sí lórí wàláà mọ́. Èyí á ní Ìwó ni àwọn ń lọ, èyí á ní Ọ̀fà, òmíràn á ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí kò bá tilẹ̀ lè délé lọ́jọ́ ọdún gan-an yóò sapá kí Ojúde Ọba ọjọ́ kẹta má ṣe kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Yorùbá kò ṣèèṣì pe ọdún yìí ní Iléyá. Etí tí ó bá gbọ́ ọ, "ilé yá" ni ó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bá ìrìn-àjò yìí rìn, òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Bí ọ̀dọ́kùnrin bá ti ríṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ó fẹ́yàwó, tí ó bímọ, ìbéèrè tí yóò máa pàdé lẹ́nu àwọn ará ilé ni pé: "Ìgbà wo lo máa fi ìpìlẹ̀ tìrẹ lélẹ̀ níbí?" Ǹjẹ́ dandan ni kí Mùsùlùmí kọ́lé sí ìlú baba rẹ̀? Ṣé ẹ̀san wà níbẹ̀, àbí ìnáwó asán ni?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú tiwa rí. A kì í ṣe olówó. Owó olùkọ́ kéú, ẹ̀yin náà mọ bí ó ti mọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a kò fi lọ sílé ṣọdún. Bí ìyá wa bá ránṣẹ́, a ó ní iṣẹ́ pọ̀, a ó ní owó ọkọ̀ wọ́n. Irọ́ kọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí a jọ jókòó lórí ẹní níwájú àáfà kan náà ti kọ́lé. Ọ̀kan ti kan páànù, ọ̀kan ti gbé gíláàsì sójú fèrèsé. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí tiwa wà. Ojú ń tì wá láti tún lọ sùn sínú yàrá tí a ti ń sùn láti kékeré.

Ní ọdún kẹta, àbúrò wa obìnrin wá kí wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú Ìyá kò ríran dáadáa mọ́ o. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò yín bóyá ẹ ti sanra." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára ṣinṣin. A kò mọ̀ pé ojú Ìyá ti ń ṣú. Ilé tí a kò tíì kọ́, tí kò tíì ní búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo nílẹ̀, òun ni ó dínà mọ́ wa tí a kò fi rí ìyá tí ó bí wa lọ́mọ.

Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ohun méjì ni àwa èèyàn ti lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí: ilé, àti ará ilé.

Ti ará ilé ni dandan. Nínú Súúrátù Isrá'i, ẹsẹ 26, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a fún ìbátan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí a fún aláìní àti onírìn-àjò. Inú ẹsẹ kan náà ni Ó ti kọ̀ fún wa láti ná owó nínàákúnàá. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ti to ọ̀rọ̀ méjèèjì tira wọn. Ó dà bí ẹni pé ibi tí ẹ̀tọ́ ìbátan wà gan-an ni èṣù máa ń jókòó sí láti sọ ìnáwó di ìnákúnàá. Nínú hádíìsì tí Anas gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí arísìkí òun gbòòrò, kí ẹ̀mí òun sì gùn, kí ó so okùn ìbí rẹ̀ pọ̀. Ó sì tún kọ́ wa pé ẹni tí ó ń so ó pọ̀ kì í ṣe ẹni tí ó ń san oore padà fún ẹni tí ó ṣe é lóore, bí kò ṣe ẹni tí àwọn ìbátan já okùn mọ́ lọ́wọ́ tí òun ṣì ń so ó.

Àṣẹ yìí kò yọ ìbátan tí kì í ṣe Mùsùlùmí sílẹ̀. Nígbà tí ìyá Asmá'u ọmọ Abúbákárì, tí ó ṣì ń bọ̀rìṣà nígbà náà, wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò, Ànábì ní kí Asmá'u ṣe dáadáa sí i. Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, nínú agbo ilé kan náà ni a ti ń rí Alhaji, tí a sì ń rí alàgbà ìjọ. Ẹ má ṣe fi ẹ̀sìn ṣe àwáwí láti má délé.

Ilé kíkọ́ wá ńkọ́? Ohun tí ó tọ́ láti ṣe ni, kì í ṣe ohun tí a ṣe ní ọ̀ranyàn. Ó sì ní ewu tirẹ̀. Nínú hádíìsì Jíbúríìlù, lára àmì ọjọ́ ìkẹyìn ni pé àwọn darandaran tí kò ní bàtà, tí kò ní aṣọ, yóò máa bá ara wọn díje nípa ilé gíga. Khabbáb, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé tí wọ́n jìyà jù nítorí ẹ̀sìn, ń mọ ògiri lọ́wọ́ nígbà tí ó sọ fún àwọn tí wọ́n wá kí i pé gbogbo ohun tí Mùsùlùmí bá ná ni ó ní ẹ̀san, àfi èyí tí ó bá kó sínú erùpẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ilé tí ó bá kọjá ohun tí èèyàn nílò ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹni tí ó ń kọ́lé lọ́wọ́ ni ó sọ ọ́. Ó mọ ohun tí ọkàn òun ń fà sí.

Ta ni ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ tó Ànábì? Nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Mẹ́kà, ó fi yé wa pé kò sí ilẹ̀ tí òun fẹ́ràn tó o. Nígbà tí ó ń padà wọ ibẹ̀, Usámà béèrè ibi tí yóò dé sí. Èsì tí ó fún un ni ìbéèrè pé ṣé Akíìlì fi ilé kankan sílẹ̀ fún àwọn ni. Akíìlì ni ó jogún Abú Táálíbù, àwọn ilé náà sì ti bọ́. Ẹni tí ó ṣẹ́gun Mẹ́kà ní ọdún 8 Híjírà (630), tí ó lè gba ilé tí ó bá wù ú, inú àgọ́ ni ó dé sí ní ìlú tí wọ́n ti bí i. Ojú kò tì í. Ó dárí ji àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n ti bá a jagun, ó so okùn ìbí pọ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí Mọdínà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 11 Híjírà (632). Bí ilé bá jẹ́ dandan kí èèyàn tó lè délé, Ànábì ì bá ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn àgbà náà. Kì í ṣe fáàrí nìkan ni ó ń mú wọn tẹnu mọ́ ọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní orílẹ̀-èdè Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún di ẹrù sórí. Ẹni tí ó ti fi yàrá méjì lélẹ̀ sílé rí ibi gbé ọmọ rẹ̀ sí. Ẹni tí kò ní, àwùjọ ẹbí ni ó rọ́ wọ̀. Ó mọ́gbọ́n wá bí ẹni tí ojú rẹ̀ rí èyí bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí a bá sọ ilé nù, a so àpò ìyà kọ́. Títí di òní ni àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n wà ní Abidjan ń kọ́lé sí Èjìgbò. Ilé irú èyí, ààbò ni.

Àmọ́ ilé mìíràn wà. Ní àdúgbò wa, ọkùnrin kan kọ́ ilé alájà kan, ó mọ odi yí i ká, ó gbé géètì ńlá sí i. Oru mẹ́rin ni ó ń sùn síbẹ̀ lọ́dún. Bí ọdún bá ti tán, yóò ti gbogbo yàrá pa, yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Èkó. Lẹ́yìnkùlé ilé náà ni ìyá rẹ̀ ń gbé, nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ tí òjò ń wọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, kò sọ bí ogún yóò ti rí, kò sì sí ìwé pé ilẹ̀ ẹbí tí ó kọ́lé sí ti di tirẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ kò kí ara wọn mọ́ títí di òní. Ilé tí ó ní òun fi kó ẹbí jọ, òun ni ó tú wọn ká.

Nítorí náà, ìdáhùn tiwa nìyí. Ẹ má ṣe béèrè pé "Ṣé kí n kọ́lé?" kí ẹ tó béèrè pé "Ta ni yóò rí ìsinmi nínú rẹ̀?" Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ mú ohun márùn-ún yìí dání.

Èkíní, orí òrùlé òbí yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tuntun kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí òjò ti ń pa ìyá.

Èkejì, owó halálì ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe owó èlé, kì í ṣe owó àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ jẹ. Owó tí ẹ ń kó pamọ́ fún ilé, bí ó bá pé òṣùwọ̀n sàká tí ó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ yín, sàká wà nínú rẹ̀. Pé ẹ fẹ́ fi ra sìmẹ́ńtì kò yọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ kọ́ ọ níwọ̀n agbára yín. Yàrá méjì tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ sàn ju mẹ́wàá tí àdán ń gbé lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbátan tí kò níbùgbé wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ̀ǹda pálọ̀ fún àwọn ọmọ kéú. Bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀san rẹ̀ wà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe nígbà tí ẹ wà láyé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹbí mọ̀ pé bí Àlùkùránì ti pín ogún ni kí wọ́n pín in.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má ṣe máa fi ilé ọkọ lágbájá na ọkọ yín lẹ́gba. Ẹ̀yin ọkọ, ìyàwó yín náà ní ìyá. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú tiyín nìkan ni ẹ ń lọ lọ́dọọdún, tí ẹ kò jẹ́ kí òun dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, okùn ẹlòmíràn ni ẹ ń já láti so tiyín.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Èmi a máa fowó ránṣẹ́. Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé, a sì máa ń sọ̀rọ̀." Ó dára, ẹ má ṣe dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nìkan kò lè mọ̀ bóyá ojú ń ṣú. Ìyá Yorùbá kì í sọ ọ́ lórí fóònù. Yóò ní "a dúpẹ́" ni.

Ọdún tí àbúrò wa wá, a lọ sílé. A kò mú àgbò dání. Ẹni tí kò lágbára àgbò kò jẹ gbèsè rẹ̀. Orí ẹní ni a sùn sí nínú yàrá àtijọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè ilé lọ́wọ́ wa ju ẹnì kan tàbí méjì lọ, a sì rẹ́rìn-ín. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì pa wá lójú, ó ní a kò tíì sanra. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, owó tí a ti ń tọ́jú fún búlọ́ọ̀kù ni a fi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, a fi èyí tí ó kù pààrọ̀ páànù yàrá wọn. A kò tíì ní ilé sílé títí di òní. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a ti ń délé.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á bá àwọn òbí wa láyọ̀, kí Ó ṣàánú àwọn tí wọ́n ti lọ, kí Ó mú wa lọ kí Ó mú wa bọ̀ láìrí ewu lọ́nà. Kí Ó sì fún wa ní ilé tí kò ní di ahoro, ní Àlùjánnà. Àmín.