Bí Ènìyàn Bá Ń Tán Lọ ní Erékùṣù Kékeré

Ìbéèrè kan wà tí àwọn alákòóso ìlú kò lè yẹ̀ sílẹ̀, tí àwa tí a ń wá ọ̀nà òdodo kò sì gbọ́dọ̀ fojú fò dá. Bí àwọn ará erékùṣù kékeré kan bá ń dínkù lọ́dọọdún, tí àwọn ọ̀dọ́ ń bá ọkọ̀ lọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì ń ṣófo, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa ná owó ọ̀pọ̀ ènìyàn lé àwọn díẹ̀ wọ̀nyí lórí, kí ìlú wọn má bàa parun? Tàbí ó ha sàn kí a rọra kó wọn lọ sí ibi tí oníṣègùn, ọjà àti iṣẹ́ wà? Ẹni tí ó bá yára dáhùn, ìhà yòówù kí ó gbè, kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò nínú ìtàn erékùṣù mẹ́ta tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì.

Èkínní ni Hirta, tí ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù tí à ń pè ní St Kilda. Ó dá wà láàárín òkun ńlá, ìjì ibẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kì í lè gúnlẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nígbà òtútù. Ẹyẹ òkun ni oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkè gíga láti kó ẹyin àti ọmọ ẹyẹ. Ìyẹ́ ẹyẹ àti aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun ni wọ́n fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé MacLeod, tí ó ni ilẹ̀ náà. Ní 1697 wọ́n tó nǹkan bí 180. Ní 1852, ènìyàn 36 wọ ọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú lójú ọ̀nà. Ní ọ̀rúndún kan náà, àrùn tí í gba ojú ìwọ́ wọlé, tí í mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ-ọwọ́ gan, ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ kí wọn tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àwọn ọdún 1890 ni Àlùfáà Angus Fiddes mú ọ̀nà ìgbẹ̀bí tí ó mọ́ tónítóní dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ikú náà sì dáwọ́ dúró.

Nígbà ogun 1914, àwọn ọmọ ogun ojú omi dó sí Hirta. Owó iṣẹ́ dé, lẹ́tà àti oúnjẹ sì ń dé déédéé. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n kó lọ, àwọn ọ̀dọ́ ti mọ̀ pé ìgbé ayé mìíràn wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e lọ. Àwọn tí ó ju 70 lọ ní 1920 kò ju 37 lọ ní 1928. Ní January 1930 ọ̀dọ́mọbìnrin kan kú. Ní May, àwọn ará ìlú fúnra wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé kí a kó àwọn kúrò. Ní 29 August 1930, ènìyàn 36 tí ó ṣẹ́kù wọ ọkọ̀. Wọ́n fi Bíbélì sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú ilé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọkà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí alààyè tọ́jú ibojì àwọn baba. Ẹni tí ó jókòó ní ìlú ńlá, tí ó ní oníṣègùn ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti bẹ àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n dúró sínú ewu nítorí pé ìtàn wọn dùn ún gbọ́. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a kíyèsí èyí: ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn, ilé ìjọba tí ń pinnu ọ̀ràn wọn sì jìnnà réré. Ìgbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́ ni a tó fún wọn láyè láti yàn.

Èkejì ni Eigg. Ní 1853, a lé àwọn ìdílé abúlé Grulin kúrò kí àgùntàn lè rí ibi jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá sí Kánádà. Láti ìgbà náà ni a ti ń ta erékùṣù náà láti ọwọ́ olówó kan sí ọwọ́ olówó kejì, pẹ̀lú àwọn ènìyàn nínú rẹ̀. Ayálégbé tí kò mọ̀ bóyá a ó lé òun lọ́dún tí ń bọ̀ kì í tún òrùlé ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbin igi. Àwọn àgbà wa wí pé ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì a tẹ̀ ẹ́ bàṣubàṣu. Ní 12 June 1997, nígbà tí àwọn ará Eigg kò ju nǹkan bí 65 lọ, àwọn àti àwọn alábàáṣe wọn ra erékùṣù náà ní £1,500,000, owó tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dá. Ní 2008 wọ́n tan iná mànàmáná tiwọn, láti inú omi odò, afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Kí iná náà lè kárí, wọ́n fi òpin sí ìwọ̀n tí ilé kọ̀ọ̀kan lè lò lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ilé. Òfin tí ó nira ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, nítorí pé àwọn ni wọ́n ṣe é. Lónìí wọ́n ti ju 100 lọ.

Ẹ̀kẹta ni Gigha, tí àwọn ará ibẹ̀ rà ní 2002. Wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń yí kalẹ̀, wọ́n ń ta iná rẹ̀, wọ́n sì sọ wọ́n ní Ìgbàgbọ́, Ìrètí àti Ìfẹ́. Wọn kò ju nǹkan bí 100 lọ nígbà tí wọ́n rà á. Ní 2011 wọ́n ti di 163.

A kò wí pé ilẹ̀ níní nìkan wo gbogbo àìsàn sàn. Gigha jẹ gbèsè nítorí àtúnṣe ilé, ìjọba ṣì ń ná owó sí ọkọ̀ tí ń lọ sí àwọn erékùṣù wọ̀nyí, ó sì lè jẹ́ pé Hirta ìbá ti ṣófo bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn gbangba. Owó tí a ná lé ayálégbé lórí ń sọ dúkìá onílẹ̀ di ńlá. Owó kan náà, bí a bá fi lé ọwọ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀, a máa kọ́ ilé tí ọmọ yóò padà wá gbé.

Nítorí náà, a kò lè fara mọ́ bí a ti gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn púpọ̀ kì í ṣe láti dá àwọn díẹ̀ dúró, kì í sì í ṣe láti kó wọn lọ, bí kò ṣe láti rí i pé yíyàn náà wà ní ọwọ́ wọn nígbà tí agbára ṣì wà lára wọn. Kí a tó bi ìlú kékeré léèrè pé, “Ẹ̀yin yóò ha kúrò bí?” ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi wọ́n pé, “Kí ni ẹ ó ṣe bí ilẹ̀ yìí bá jẹ́ tiyín?”