Ṣé "Bí Ọlọ́run Ti Fẹ́ Ni" Nígbà Gbogbo?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ bẹ arábìnrin wa kan wò, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó pa ọkùnrin náà. Dókítà ti fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó pa oògùn tì. A kọrin, a gbàdúrà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tu opó náà nínú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọ̀kan nínú wa wí pé, "Ẹ mú ọkàn le, Mà. Bí Ọlọ́run ti fẹ́ ni." Gbogbo wa ṣe Àmín. Arábìnrin náà gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ṣé Ọlọ́run ni kò fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ mi lo oògùn, àbí òun ni kò fẹ́ lò ó?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú wa. A dá orin mìíràn, a sì múra ilé.

Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ Ọba tí ó ń ṣe àkóso ohun gbogbo, tí ológoṣẹ́ kan kò lè ṣubú láìjẹ́ pé ó mọ̀, kí ni ó kù tí a lè pè ní ìpinnu tiwa? Bí ó bá sì jẹ́ pé àwa ni a ń pinnu, ǹjẹ́ ohun kan wà tí ó bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run?

Àwọn baba wa ní ìdáhùn tiwọn kí ìhìnrere tó dé. Wọ́n ní olúkúlùkù ti yan orí kí ó tó wá sí ayé, àti pé àyànmọ́ kò gbóògùn. Gbogbo wa ni a ti ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò bá wa ṣe é. A kàn fi orúkọ Ọlọ́run rọ́pò orí ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà náà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní àkúnlẹ̀yàn, èyíinì ni pé ẹnì kan kúnlẹ̀, ó sì yàn. Àní nínú ẹ̀kọ́ tiwọn, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀.

Nínú Ìjọ Elétò, ìyá kan ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, bí ọmọ 19, ó sì sin 9 nínú wọn ní kékeré. Bí ẹnì kan bá wà tí ó lè sọ pé a ti kọ ohun gbogbo mọ́ òun, òun ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1725, nígbà tí John kọ̀wé sí i nípa ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run ti yan àwọn kan sí ìgbàlà, ó sì ti yan àwọn yòókù sí ègbé, ìyá náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹ̀kọ́ náà burú jáì, nítorí ó sọ Ọlọ́run di ẹni tí ó dá ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Àkàwé tí ó lò dùn mọ́ wa púpọ̀: a mọ̀ pé oòrùn yóò yọ lọ́la, ṣùgbọ́n mímọ̀ tí a mọ̀ kọ́ ni ó mú un yọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run ti mọ ohun tí a ó ṣe; mímọ̀ rẹ̀ kò fi ipá mú wa ṣe é.

Ọmọ náà kò gbàgbé. Ní 1739, John wàásù ní Bristol pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ó sì tẹ ìwàásù náà jáde. (Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín pé ẹni tí ó fẹ́ wàásù tako àyànmọ́ kọ́kọ́ ṣẹ́ kèké kí ó lè mọ̀ bóyá kí òun wàásù rẹ̀!) Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Whitefield, tí ó gba ẹ̀kọ́ àyànmọ́ gbọ́. Whitefield fi lẹ́tà dá a lóhùn, wọ́n sì pínyà fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Whitefield kú sí Amẹ́ríkà ní 1770, Wesley ni ó wàásù ìrántí rẹ̀ ní London.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ní 1785, Wesley tún kọ̀wé lórí Fílípì orí 2, ẹsẹ 12 àti 13. Níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti ní kí a máa ṣiṣẹ́ ìgbàlà wa, tí ó sì tún sọ pé Ọlọ́run ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wa. Púpọ̀ nínú wa yóò ní, bí Ọlọ́run bá ń ṣiṣẹ́, kí àwa jókòó. Wesley ní rárá: nítorí pé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ ni àwa fi lè ṣiṣẹ́, nítorí náà pẹ̀lú ni a fi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Oore-ọ̀fẹ́ ti ṣáájú wa dé. Bí ìyá bá di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú kí ó lè kọ́ ìrìn, ọwọ́ ìyá ni kò jẹ́ kí ó ṣubú, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó ń gbé ẹsẹ̀. Ọmọ náà sì lè jókòó sílẹ̀ kí ó kọ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ti ń retí ọmọ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí dókítà wí, wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà. Ẹni tí ó bá sọ fún irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó ti gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ rù ú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá wa ni a yàn. Níbẹ̀ ni "bí Ọlọ́run ti fẹ́" ti jẹ́ ìrọ̀rí fún orí tí ó rẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí a fi í bo ohun tí ọwọ́ wa jù sílẹ̀. Jésù pàápàá, ní Gẹtisémánì, sọ ìfẹ́ tirẹ̀ jáde kí ó tó fi í sílẹ̀ fún Baba.

A padà lọ sọ́dọ̀ opó náà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí ọ̀rọ̀ wa ìjọ́sí. A sọ fún un pé, ní èrò tiwa, Ọlọ́run ni ó fi dókítà sí ọ̀nà ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni kò tẹ̀ lé e; bẹ́ẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí èyí. Ó sunkún púpọ̀. Nígbà tí ó nu ojú tán, ó ní láti ọjọ́ yìí wá, Ọlọ́run ni òun ń bínú sí. Ó ní bàbá àwọn ọmọ ni ó yẹ kí òun máa bínú sí, òun yóò sì darí jì í díẹ̀díẹ̀.

Ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí arábìnrin wa tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, òun ni ó kọ́kọ́ na apá.